Abẹ́rẹ́ Ọjọ́rú, Èèyi Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Yàrá méjì ni ilé tí wọ́n bí wa sí ní, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi kan láàárín àgbàlá àti ilẹ̀kùn pákó tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ilé ìlagi ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Òórùn igi tútù kì í kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀, bí Màmá ṣe wù kí ó fọ̀ ọ́ tó. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó kọjá, ẹsẹ̀ mi máa ń lọ́ra fúnra rẹ̀.

Màmá mi ń fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn. Àwọn aṣọ ìbùsùn funfun tó bá sá sórí okùn ni èmi àti àbúrò mi fi ń ṣe ilé. A ó wọ àárín wọn, a ó jókòó sílẹ̀, a ó máa wo bí oòrùn ṣe ń tàn láti ara aṣọ náà wá, títí Màmá yóò fi kígbe láti ìdí ọpọ́n pé, "Ta ló tún fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan aṣọ oníṣọ́ọ̀bù yẹn? Ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀ kí n bá yín!"

Ológoṣẹ́ ni gbogbo wa ń pe àbúrò mi. Kì í rìn, fífò ni ó ń fò. Kí ó tó bọ́jú láàárọ̀, ó ti bi ènìyàn ní ìbéèrè mẹ́fà. Bàbá á ní, "Ológoṣẹ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti jí ná." Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ, ibi tí mo bá sì ń lọ, ó ti wà lẹ́yìn mi bí ìrù ẹṣin. Mo ń ṣe bí ẹni pé ó ń yọ mí lẹ́nu. Kò yọ mí lẹ́nu rárá.

Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, tí òun wà ní kíláàsì kìíní, àwọn elétò ìlera wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọjọ́rú ni. Nọ́ọ̀sì kan tó wọ bàtà funfun ló ṣáájú wọn, ó gbé àpótí òtútù kékeré kan sórí àga bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tuntun sílẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ni wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo yọjú láti fèrèsé kíláàsì wa, mo rí àbúrò mi lórí ìlà. Ojú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Mo rò pé ẹkún ìbẹ̀rù ni. Nígbà tó kàn án, kò ké. Ó jáde síta, ó gbé apá rẹ̀ sókè sí mi, ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ wò ó, kò dùn mí!"

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èèyi bo ojú rẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti dé ọrùn, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àyà. Màmá ka ọjọ́ lórí ìka: Ọjọ́rú sí Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ sí Ẹtì, Ẹtì sí Àbámẹ́ta.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré," ó wí. "Abẹ́rẹ́ yẹn ni. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé àrùn bọ ọmọ mi lára."

Kò sí ẹni tó jiyàn. Ta ni yóò jiyàn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ níṣojú wa ni.

Ológoṣẹ́ kò kú. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ṣọyún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ọyún náà sì gbẹ, etí ọ̀tún ti di. Ti òsì ń gbọ́ díẹ̀, bí a bá pariwo. Ọmọ tó ń béèrè ìbéèrè mẹ́fà kó tó bọ́jú kò béèrè nǹkan kan mọ́, nítorí pé kò lè gbọ́ ìdáhùn. Bàbá mi rin ìrìn wàrà wàrà dé ilé ẹ̀kọ́, ó fà mí jáde láàárín ìṣirò. "Ilé ẹ̀kọ́ tó ń fi àrùn sí ọmọ lára," ó wí, "ọmọ tèmi ò ní kà níbẹ̀ mọ́." Olùkọ́ mi tẹ̀lé wa dé ẹnu géètì, ìwé ìṣirò mi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yìí mọ ìṣirò." Bàbá kò wẹ̀yìn. Láàárín oṣù náà ló fà mí lé ọ̀gá tó ń tún fíríìjì ṣe lọ́wọ́. Bí mo ṣe fi ìwé sílẹ̀ nìyẹn.

Ènìyàn méjì ni abẹ́rẹ́ yẹn jẹ nínú ilé wa, mo sì mọ ọwọ́ tó mú un.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń pè mí ní Kò-gbàgbé. Mi ò bínú sí orúkọ náà. Aládùúgbò kan wà tó da omi ẹ̀gbin sí ẹnu ọ̀nà mi nígbà kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọdún mọ́kànlá ti kọjá, ó ti kó lọ sí òdìkejì ìlú, bí a bá sì pàdé lójú títì, èmi á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò.

Ìgbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ti ara mi, Nọ́ọ̀sì Bàtà Funfun gbé fíríìjì rẹ̀ wá. Irun rẹ̀ ti funfun bí bàtà rẹ̀. Ọkùnrin méjì ló bá a sọ fíríìjì náà kalẹ̀. Kò mọ̀ mí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kò tutù mọ́."

"Mi ò ní tún un ṣe."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ni?"

"Rárá. Èmi ni mi ò ní tún un ṣe."

Ó sún mọ́ tábìlì mi. "Kí ni mo ṣe yín?"

Mo yíjú sí iṣẹ́ mi. Wọ́n tún gbé fíríìjì náà padà sínú ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀. Inú mi dùn gbogbo ọjọ́ náà. Ó kú ní ọdún kẹta sí i, mo sì gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ pé òjò rọ̀ ní ìlú mìíràn.

Àwọn ọmọ mi mẹ́ta, kò sí èyí tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú wọn. Wọ́n ṣe èèyi, wọ́n yè é, mo sì máa ń fi wọ́n ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Ìyàwó mi kì í dá sí i. Kí ó tó di olóògbé, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ pé, "Ọ̀rọ̀ yín yìí, bí ẹ bá gbé e sí àárín ilé, a ò rí ibi gbà kọjá."

Lọ́dún tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi obìnrin bímọ. Iṣẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì gbé ọmọ wá sí ọ̀dọ̀ mi. Ìyá Àgbà ni mo sọ ọmọ náà, nítorí pé bí ó bá wo ènìyàn, yóò kó ojú jọ bí ìyá arúgbó tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fún ní ìjókòó. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́sàn-án, èèyi bẹ́ sílẹ̀ ní òpópónà kejì sí tiwa. Ọmọ mẹ́rin ló kọ́kọ́ mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n di mọ́kànlá.

Ọmọ mi wá bá mi nídìí tíì àárọ̀. "Bàbá, mo fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìlera."

"Nínú ilé mi kọ́."

"Bàbá, mọ́kànlá ti wọ́n."

"Àbúrò mi ńkọ́? Ta ló ka tirẹ̀?"

Kò bá mi jiyàn. Ó wọlé, mo sì gbọ́ bó ṣe ń ṣí àpótí, tó ń ká aṣọ ọmọ. Lọ́jọ́ kejì mo rí báàgì náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti kún. Ọ̀dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ló fẹ́ gbé ọmọ lọ, ìrìn àjò ọjọ́ méjì, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, nínú ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti ń wúkọ́. Ohun tó ń dúró dè ni kí n sọ ọ̀rọ̀ kan. Mi ò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì tuntun tó wà ní ilé ìlera òpin títì wa wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọbìnrin kékeré ni, kò lè ju ọmọ mi àgbà lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin ni Kò-gbàgbé?"

"Orúkọ tí ìyá mi sọ mí kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi ni."

"Fíríìjì wa kò tutù dáadáa mọ́."

"Èmi kì í tún fíríìjì ilé abẹ́rẹ́ ṣe."

"Wọ́n ti sọ fún mi. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ títì ti wò ó, ó ní kò ṣeé tún ṣe. Ó ní kí n má wulẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ní ohun tó bá ti sú òun, bàbá arúgbó wo ni yóò rí ìdí rẹ̀?"

Mo gbé ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. "Ta ni bàbá arúgbó?"

"Mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o."

"Mo ní, ta ni ó ń pè ní bàbá arúgbó?"

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, Bàbá. Ẹ má bínú."

Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, mo ti gbé àpótí irinṣẹ́. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ dé ilé ìlera náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó bi ọkùnrin ìsàlẹ̀ títì léèrè ọ̀rọ̀ tó sọ, ó sì búra fún mi pé òun kò fi ojú kan fíríìjì náà rí. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́n.

Yàrá kékeré kan ni, ògiri rẹ̀ funfun dé ìdajì, ó sì jẹ́ àwọ̀ ewé láti ìdajì sílẹ̀. Ìjókòó gígùn kan, tábìlì kan, fíríìjì níbi igun. Wọ́n ti kó oògùn inú rẹ̀ sínú àpótí òtútù. Nǹkan kékeré ló ṣe fíríìjì náà: rọ́bà etí ilẹ̀kùn ti ya, òtútù ń sá jáde bí ọmọ tó rí géètì ní ṣíṣí, yìnyín sì ti dì mọ́ inú. Mo yọ́ yìnyín náà, mo gbé rọ́bà tó dára láti ara fíríìjì àlòkù kan ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn dáadáa, mo ní kí n ṣe é ní oore, mo yí bọ́tìnnì òtútù rẹ̀ dé òpin.

Nọ́ọ̀sì fò dìde. "Bàbá! Ẹ dá a padà!"

"Kí ló dé? Ṣé òtútù kọ́ lo wá?"

"Ẹran kọ́ la fẹ́ kó sí i. Tó bá wà láàárín méjì sí mẹ́jọ lórí tẹmọ́mítà, ó tó. Àwọn kan wà nínú oògùn yìí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dì, wọn ò wúlò mọ́, dídànù ni."

Ọdún márùndínláàádọ́ta tí mo ti ń tún fíríìjì ṣe, n kò tíì rí ẹni tó ní kí n má jẹ́ kó tutù jù. Mo dá a padà. Ó ní a ní láti dúró wo tẹmọ́mítà kó tó kó oògùn sí i, ó sì fa ìjókòó fún mi.

"Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?" mo bi í. "Èyí tó jẹ́ ti èèyi."

"Kòkòrò èèyi fúnra rẹ̀ ni."

Mo ti ń retí pé yóò sẹ́. "Ṣé o gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ jáde?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà bí olè tí wọ́n ti so lọ́wọ́ so lẹ́sẹ̀ tí wọ́n mú wá kí gbogbo àdúgbò mọ ojú rẹ̀."

"Olè tí wọ́n so ló sọ àbúrò mi di adití?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà funfun, apá tó gbé sókè. Abẹ́rẹ́ ní Ọjọ́rú, èèyi ní Àbámẹ́ta. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó béèrè pé, "Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó dá yín lójú?"

"Ọmọ yìí, bí o bá bi mí ní oúnjẹ tí mo jẹ lánàá, mo lè ṣì í sọ. Ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ mí, mi ò lè ṣì í."

"Ó dára. Bàbá, èèyi kì í wọlé lónìí kó yọjú lọ́túnla. Bó bá wọ ara, á sá pamọ́, á máa pọ̀ sí i. Ó ń tó bí ọjọ́ mẹ́wàá kí imú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, kí ojú tó pọ́n, kí ara tó gbóná. Ó ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó hàn lára. Èyí tó hàn ní Àbámẹ́ta ti wà nínú ilé kí abẹ́rẹ́ tó dé."

Mo rántí ojú tó ń ṣomi lórí ìlà. Mi ò sọ ọ́.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀," mo ní, "kí ló dé tí abẹ́rẹ́ náà kò lé e jáde?"

"Abẹ́rẹ́ kì í lé àrùn tó ti wọlé jáde. Ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ara, ẹ̀kọ́ náà sì ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tí àbúrò yín bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, olè ti wà nínú yàrá."

"Àwọn ọmọ mi ò gbà á. Wọ́n ṣe èèyi, kò sí èyí tó kú."

"A dúpẹ́. Kò tún ní í mú wọn mọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò yín náà kò kú, Bàbá."

Mo fi àkísà nu ọwọ́ mi.

Ó wo tẹmọ́mítà, ó padà jókòó. "Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè yín ní Kò-gbàgbé?" Mo sọ fún un nípa aládùúgbò àti omi ẹ̀gbin. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìjókòó mú. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin gan-an ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọkùnrin yẹn, bó bá yọ lókèèrè, ṣé ó dìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹ tó mọ̀ ọ́n?"

"Láti ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Bí ara ṣe rí nìyẹn. Oògùn inú abẹ́rẹ́ kì í pẹ́ lára, kì í gbé ibẹ̀. Ìrántí ló ń fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí èèyi gidi bá yọ ní ìkóríta, ara ti mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn orí, ó ti di ẹ̀ṣẹ́ dè é."

"Ìyẹn ni pé ẹ ń kọ́ ọmọ ọwọ́ láti máa di kùnrùngbùn."

"Gbogbo wọn pátá."

Inú mi kò dùn sí i pé mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ṣí fíríìjì, ó ń to ìgò kéékèèké sí i, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi nígbà tó béèrè pé, "Ẹ rántí ibi tí àbúrò yín lọ, bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Àbámẹ́ta yẹn?"

"Kò lọ ibì kankan."

Ó bọ́ lẹ́nu mi kíákíá, pẹ̀lú ohùn ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo jáde.

Mo mọ ibi tó lọ.

Ní ọdún abẹ́rẹ́ náà, ajá alágẹrun àdúgbò wa bí ọmọ méje. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ti rí wọn àfi àwa, nítorí pé ara ọmọ alágẹrun kò yá, Màmá sì ti ní, "Bí mo bá rí ẹsẹ̀ yín lọ́nà ibẹ̀, ẹ̀yin náà á mọ̀." Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí Màmá sùn lọ́sàn-án, mo mú Ológoṣẹ́ lọ́wọ́, a gba àárín àwọn aṣọ funfun kọjá, a fò kọjá gọ́tà, a dé ẹ̀yìn ilé alágẹrun. Lábẹ́ páànù kan tí wọ́n gbé ti ògiri ni ìyá ajá náà dùbúlẹ̀ sí. Ọmọ alágẹrun, ọ̀rẹ́ mi, rí wa láti fèrèsé, ó jáde wá bá wa. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wúkọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn pé òun rí ẹni bá ṣeré. Ó gbé èyí tó dúdú jù lọ fún Ológoṣẹ́. Àwọn méjèèjì gbé orí lé ajá kékeré yẹn, imú sí imú, wọ́n ń fetí sí i bó ṣe ń ké. Ooru ilẹ̀ ibẹ̀, òórùn wàrà lẹ́nu àwọn ọmọ ajá náà, bí àbúrò mi ṣe ń béèrè pé, "Èyí ńkọ́, kí lorúkọ rẹ̀? Èyí ńkọ́?" Nínú gbogbo ìgbà èwe mi, n kò rántí ọ̀sán tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń padà mo sọ fún un pé, "Bí o bá sọ fún Màmá, mi ò ní mú ẹ jáde mọ́ láéláé."

Lọ́jọ́ kejì a gbọ́ pé èèyi ti bo ọmọ alágẹrun. Ẹ̀rù bà mí. Èmi ti ṣe tèmi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, òun ni kò tíì ṣe é. Láràárọ̀, kí Màmá tó jí, mo ń gbé ẹ̀wù àbúrò mi sókè, mo ń wo ikùn rẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn etí rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí nǹkan. Ọjọ́rú, kò sí nǹkan. Mo wò ó títí Ọjọ́ Àìkú mìíràn fi pé, mo ní a ti bọ́, mo sì dáwọ́ dúró. Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e ni abẹ́rẹ́ dé.

Mo ka ọjọ́ náà bí mo ṣe ń lọ lójú títì. Láti ìdí ajá dé orí ìlà, ọjọ́ mẹ́wàá. Láti ìdí ajá dé Àbámẹ́ta, ọjọ́ mẹ́tàlá. Olùkọ́ mi kò parọ́, mo mọ ìṣirò.

Bí mo bá ní àwọn ajá yẹn kò wá sí mi lọ́kàn nígbà tí èèyi yọ lójú àbúrò mi, irọ́ ni. Wọ́n wá. Ṣùgbọ́n Màmá ti ń ka ìka, gbogbo ilé ti rí ẹni tó jẹ̀bi, mo sì sá pamọ́ sẹ́yìn bàtà funfun. Mo pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo gbàgbé pé sísá ni mo sá. Obìnrin yẹn béèrè ohun tó ṣe mí. Ká ní mo dá a lóhùn, bóyá òun náà ì bá bá mi ka ọjọ́, ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn.

Mi ò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ilé Ológoṣẹ́ ni mo lọ. Aṣọ ló ń rán, ó máa ń fi etí òsì kọjú sí ẹnu ọ̀nà kó lè gbọ́ bí oníbàárà bá wọlé. Àwọn ayálégbé mìíràn wà lágbàlá, wọ́n ń fọ abọ́. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́?

"Ṣé o rántí ajá alágẹrun?"

"Ẹ̀gbà ọrùn?"

"AJÁ ALÁGẸRUN!"

Àwọn tó ń fọ abọ́ dáwọ́ dúró. Ológoṣẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ tàn, ọdún rẹ̀ sì dín kù níṣojú mi. "Dúdú ni tèmi," ó wí. "Bùọ̀dá mi, ẹ ò ní gbàgbọ́. Etí ọ̀tún yìí tí kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ṣì ń ké níbẹ̀. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lé e, mò ń gbọ́ wọn."

Ó ṣe bí wọ́n ṣe ń ké fún mi. Ó ṣe é dáadáa.

Mo kígbe gbogbo rẹ̀ sí i létí òsì: Àìkú, ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́tàlá, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Gbogbo àgbàlá gbọ́. Ó ń yọ òwú kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, fọ́nrán kan lẹ́yìn èkejì, títí mo fi parí.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Lónìí."

Ó wò mí.

"Ó ti pẹ́," mo ní. "Lónìí ni mo gbà á."

"Mi ò sọ fún Màmá," ó wí. "Títí ó fi kú, mi ò sọ. Ẹ ní bí mo bá sọ, ẹ ò ní mú mi jáde mọ́. Mo wá dákẹ́, síbẹ̀ ẹ ò mú mi jáde mọ́."

Òótọ́ ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo wà, mo ń kọ́ṣẹ́, mo ń bínú.

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àgékù aṣọ. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti le. "Ẹ gbọ́, Bùọ̀dá mi. Ti ajá yẹn, ọmọdé ni yín, èmi náà sì fẹ́ lọ. Mi ò ní bá yín jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nílé yín yìí, àgbà ni yín lórí tirẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn, màá bínú sí yín, ẹ sì mọ̀ pé ọmú kan náà la jọ mu. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ lè máà gbàgbé."

"Ìyá yẹn sọ̀rọ̀," ẹnì kan wí nídìí abọ́.

Nígbà tí mo délé, báàgì kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Mo wọ yàrá láì kan ilẹ̀kùn. Ọmọ mi jókòó sórí ibùsùn, báàgì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọmọ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la ló fẹ́ wọ̀, ó fẹ́ lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ilé rẹ̀ súnmọ́ ibùdókọ̀.

"Sọ ọmọ yẹn kalẹ̀," mo ní.

"Bàbá, ẹ má dá mi dúró."

"Ọjọ́rú ni wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ níbí. Ọ̀túnla. Sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ tí ògiri sọ̀rọ̀. "Ta ló bá yín sọ̀rọ̀?"

"Ṣé ó dìgbà tí ènìyàn bá bá mi sọ̀rọ̀ ni?"

"Ọdún mélòó la ti ń bá yín sọ ọ́?"

Mo ní kó lọ gbé tíì wá.

Ní Ọjọ́rú àwa mẹ́rin la lọ; Ológoṣẹ́ ní òun kò ní jókòó sílé. Èrò pọ̀ lórí ìjókòó gígùn. Obìnrin kan tó wà níwájú wa ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ yìí mú kí ara ọmọ ẹnì kan gbóná. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì, ó ní òótọ́ ni, ara ọmọ mìíràn lè gbóná ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí nǹkan tilẹ̀ sú sí i lára díẹ̀, pé ara tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ló ń làágùn, yóò sì lọ. Ó ní kí gbogbo wa padà wá ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, nítorí pé ọmọ mìíràn wà tí ẹ̀kọ́ kan kì í tó o. Ológoṣẹ́ ń bi mí pé kí ló wí, kí ló wí, mo sì ń kígbe rẹ̀ sí i létí, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà níta náà gbọ́.

Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì ní kí ẹnì kan di apá ọmọ mú. Ọmọ mi na ọwọ́, mo ní kó fi sílẹ̀. Mo gbé Ìyá Àgbà lé ẹsẹ̀ mi, mo di apá òsì rẹ̀ mú. Apá náà kò ju àtàǹpàkò mi méjì lọ, ó rọ̀, ó gbóná. Ó kó ojú jọ sí nọ́ọ̀sì náà. Abẹ́rẹ́ wọlé. Ó la ẹnu, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tó tọ́, lẹ́yìn náà ló wá ké débi pé Ológoṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bo etí. Mi ò tú apá náà sílẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n tú u.

Nígbà tí a ń padà sílé, ọmọ náà ti sùn sí èjìká mi. Ọmọ mi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

"Bàbá, ta lẹ ó wá máa bínú sí báyìí?"

Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀, kó má baà jí ọmọ.